Ẹni Tí Ó Ṣe É Dà? Oníṣẹ́ Ọwọ́ Yorùbá àti Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì, ọpọ́n Ifá kan wà tí ó jẹ́ àgbà nínú gbogbo ọpọ́n tí a mọ̀ pé ó ti ilẹ̀ adúláwọ̀ dé Yúróòpù. Christoph Weickmann, oníṣòwò ìlú náà, ni ó kó o mọ́ àwọn ohun àràmàǹdà tí ó ń tò jọ sínú ilé rẹ̀. Ní ọdún 1659 ni wọ́n tẹ ìwé kan tí ó ka àwọn ohun ìní náà lẹ́sẹẹsẹ, ọpọ́n yìí sì wà nínú rẹ̀. Ìwé náà sọ pé láti Àlàdà, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni ọpọ́n náà ti wá, ó sì so ó mọ́ ọba ibẹ̀. A mọ ìlú tí ó ti wá, a mọ ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ nìkan ni a kò mọ̀.

Ọpọ́n kì í hù bí olú. Ẹnì kan ni ó wá igi rẹ̀, tí ó gé e, tí ó dúró dè é kí ó gbẹ, tí ó fi ọ̀bẹ fín ojú Èṣù sí i lára, tí ó sì dán an títí tí ìyẹ̀rosùn fi lè dúró lójú rẹ̀ kí odù lè hàn. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wọnú igi náà, ọjọ́ náà sì bá igi lọ sí òkè òkun láìsí orúkọ.

Láti ìgbà náà títí di òní, ìbéèrè kan ni ó ń bá iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá rin gbogbo ìrìnàjò rẹ̀ sí ibi tí a ti ń pàtẹ ọjà fún àlejò wò: ẹni tí ó ṣe é dà? Níbi tí ìdáhùn bá wà, oníṣẹ́ a máa jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ a sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun náà kọ́ ọ. Níbi tí kò bá sí, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè náà. Ìbéèrè yìí kan àwọn onífá gan-an, nítorí kò sí babaláwo tí ó lè difá láìsí gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ, onílẹ̀kẹ̀ àti ahunṣọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí oníbàárà ń wá sílé

Ní ayé àtijọ́, oníṣẹ́ ọnà kì í ru iṣẹ́ rẹ̀ kiri. Babaláwo tí ó bá fẹ́ agere tàbí ìróké ni yóò tọ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ sí agbo ilé rẹ̀. Àwọn méjèèjì yóò jókòó, wọn yóò sọ irú igi, wọn yóò sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe tóbi tó, wọn yóò sì fẹnu kò sí iye. Bí ó bá jẹ́ ọba ni ó bẹ iṣẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà lè kó lọ sí ààfin, kí ó máa gbé ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí ọba máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọ̀ṣì, Ìlá, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìsẹ̀ gba orúkọ nípa igi gbígbẹ́. Ìsẹ́yìn gba orúkọ nípa aṣọ òfì. Àwọn ìdílé kan sì wà ní Ẹ̀fọ̀n tí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń ran adé fún àwọn ọba.

Kò sí ẹni tí ó ń kọ orúkọ sára iṣẹ́ nígbà náà, nítorí kò sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọnà wo ère kan, yóò sọ pé ọwọ́ lágbájá nìyí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò béèrè, wọn yóò sì dá a lóhùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oríkì wà. Nínú oríkì ni orúkọ oníṣẹ́ ti ń gbé, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́ àti àwọn ọba tí wọ́n pè é.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tí a ń ṣe fún títà ní gbangba: ẹní, ìkòkò, igbá fínfín àti aṣọ. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Senegal àti láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, máa ń wá sí Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn aláró. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó rà á rí ojú ẹni tí ó tà á, aláró sì mọ ohun tí òun gbà. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà ni pé ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é kò bá a jáde mọ́.

Wembley, ọdún 1924

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1924, Ọba George Karùn-ún ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní ẹ̀bá ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ète rẹ̀ ni láti fi ọrọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì hàn, kí òwò lè tẹ̀ síwájú láàrin wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, 1924 àti 1925, nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn ni ó sì gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone jọ wà nínú ọgbà kan tí wọ́n mọ odi yí ká ní àwòrán odi ìlú Hausa. Nínú ọgbà náà ni wọ́n kó epo, kòkó, ẹ̀pà àti awọ sí, pẹ̀lú aṣọ, ère àti ohun èlò tí ọwọ́ ènìyàn ṣe.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ni ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún Ògògà ìlú náà. Apá méjì ni ìlẹ̀kùn náà ní. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, ń bọ̀ lórí àga tí àwọn arẹrù gbé, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ẹlẹ́rù sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ère náà yọ síta lára igi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kúrò lójú ìlẹ̀kùn. Kò sí irú rẹ̀ nínú ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti rí rí.

Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ kí ìlẹ̀kùn náà di tiwọn. Ògògà kò tà á. Ohun tí ó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìlẹ̀kùn sì dúró sọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ di ti British Museum ní ọdún 1924, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ọlọ́wẹ̀ ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé dàgbà, níbi tí ó ti sin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Gbogbo Èkìtì ni ó mọ̀ ọ́n, àwọn ọba sì ń ránṣẹ́ pè é láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí òrò ń wọ́ lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Wembley, Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1938 ni ó tó kú. Orúkọ tí ìlẹ̀kùn náà jẹ́ ní òkè òkun ni ti ọba àti ti ìlú. Ọba gba ìtẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gba ìlẹ̀kùn, orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò sì bá ìlẹ̀kùn náà dé orí àtẹ.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí i gbé. Ọwọ́ ọba ni ó ti jáde, ọba sì ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe fún ààfin rẹ̀. Ohun tí ọ̀ràn náà fi hàn ni bí ìpàtẹ ṣe ń ṣiṣẹ́: ó máa ń gba ohun kan kúrò ní àárín àwọn tí ó mọ ẹni tí ó ṣe é, ó sì máa ń gbé e síwájú àwọn tí kò mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Ohùn láti Abẹ́òkúta

Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn láti Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà wà ní Wembley pẹ̀lú. Inú ọgbà náà ni wọ́n ń gbé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójú àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n wíwà níbẹ̀ kò tíì tó. Kí ìpàtẹ náà tó ṣí pàápàá ni ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ará Nàìjíríà, bí ẹni pé ẹranko inú igbó ni wọ́n. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ mìíràn náà gbé ohùn sókè. Ní ọdún 1925, Ṣólańkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà, tí ó wá di ilé ẹ̀kọ́ òṣèlú fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jà fún òmìnira.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn yìí fún oníṣẹ́ ọwọ́. Èkíní ni pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni a ń pàtẹ. A ń pàtẹ ènìyàn mọ́ ọn, ẹni tí kò bá sì sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a sọ ọ́ bí ó ṣe wù ú. Èkejì ni pé jíjókòó síwájú àlejò kò dọ́gba pẹ̀lú jíjókòó lẹ́yìn àtẹ ẹni. Ahunṣọ tí wọ́n kó wá kí àwọn ènìyàn lè wò ó jẹ́ ara ohun tí a ń wò. Ahunṣọ tí ó gbé aṣọ rẹ̀ síwájú, tí ó dá iye lé e, tí ó sì lè kọ̀ kí ó má tà, òun ni ọlọ́jà.

Orúkọ lára igi

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Father Kevin Carroll sì ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Títí di ọdún 1954 tí wọ́n tì í, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ àti onílẹ̀kẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n fún oníbàárà tuntun. George Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ará Ọ̀ṣì, jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, ti kọ́ṣẹ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí i sí.

Fákẹ́yẹ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì bá a lọ. Ó gbẹ́ igi lójú àwọn ènìyàn, ó dáhùn ìbéèrè wọn, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, ó sì máa ń fín orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára ohun tí ó bá ṣe. Ìwà kékeré ni èyí dà bí, ṣùgbọ́n òun ni ó ya ọ̀ràn rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti Ọlọ́wẹ̀. Ibi yòówù tí ère Fákẹ́yẹ bá dé, orúkọ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní ọdún 2006, UNESCO ka Fákẹ́yẹ mọ́ àwọn tí ó jẹ́ ìṣúra alààyè; ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Àwọn kan ń sọ pé kíkọ orúkọ sára ohun èlò Ifá jẹ́ àṣà àjèjì. Lóòótọ́ ni pé àwọn baba kò fín orúkọ sára ọpọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn baba kò jẹ́ kí orúkọ oníṣẹ́ ṣègbé pẹ̀lú. Ẹnu ni wọ́n fi pa á mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá kúrò ní ibi tí ẹnu náà ti ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà tí a fín sí abẹ́ ọpọ́n ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe nílé.

Aláró lẹ́yìn àtẹ

Ní Òṣogbo, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ àwòrán yíyà àti ọnà mìíràn. Jímọ̀ Bùráímọ̀ mú ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ adé wá sójú àwòrán. NíkẸ́ Òkúndáyè, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, bẹ̀rẹ̀ láti orí aró àti bàtíìkì. Ọdún 1968 ni ó kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ní 1974 sì ni ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti mú iṣẹ́ jẹun.

Ọ̀kan nínú wọn ni Gasali Adéyẹmọ, ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó, tí ó wá ń gbé ní ìlú Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ní ìlú náà ni wọ́n ti dá ọjà iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọdọọdún, ní oṣù keje, ni oníṣẹ́ ọwọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń pàdé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, àwọn adájọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ ni ó fi ṣe é àti bóyá ó ní gbòǹgbò nínú àṣà ìlú rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní àyè. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró ti àtẹ rẹ̀.

Ní itòsí ilé, Ouagadougou ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ SIAO ní ọdún 1988, ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ Afíríkà tí wọ́n ń ṣe ní ọdún méjì méjì. Níbẹ̀, oníṣòwò tí ó fẹ́ kó ọjà lọ sí òkè òkun a máa bá ẹni tí ó ṣe é sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò ní ọdún 1977, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe FESTAC. Ẹ̀rọ àti ọjà ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó sábà gba iwájú níbi ìpàtẹ ibẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ kò ṣaláìsí.

Ohun tí àtẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Ìpàtẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kékeré ni ó sì ti bọ́ sí gbèsè nítorí pé iye ènìyàn ni wọ́n kà, tí wọn kò ka iye owó. Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé aláró kan gbé 60 àdìrẹ lọ sí ìpàtẹ. Owó ìsọ̀, owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ gba iye tí 25 aṣọ yóò pa. Òwú, èlú, lẹ́kọ àti owó àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gba iye 20. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, iye 15 aṣọ ni èrè rẹ̀. Bí ó bá ta 40, ó ti fi iye márùn-ún ṣòfò ná, 20 aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò tún san owó láti gbé padà.

Nítorí náà ni àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ṣe ń sọ pé èrè ìpàtẹ kò pin sórí ohun tí a tà lọ́jọ́ náà. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ẹyọ kan tí yóò sì tún béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni náà kò lè rí aláró bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Níbí ni orúkọ ti di owó. Ìwé pélébé tí a so mọ́ etí aṣọ, tí ó sọ ẹni tí ó rẹ ẹ́, ìlú rẹ̀, irú aró tí ó lò àti ọ̀nà tí a lè gbà bá a sọ̀rọ̀, lè tà ju aṣọ mẹ́wàá lọ.

Ó tún yẹ kí oníṣẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ̀. Ilé ìtajà kan lè bẹ aṣọ 500 tí gbogbo wọn yóò dọ́gba, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ ní oṣù kan. Ìkòkò aró kì í sáré. Ewé èlú ní láti dùn nínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó mú aṣọ. Àwọn tí ó ń bọ Ìyá Màpó mọ̀ pé aró tí a kán lójú a máa bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ yóò lọ ra aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti fi kún tirẹ̀, ọjọ́ tí oníbàárà bá sì mọ̀ ni orúkọ náà bàjẹ́. Ó sàn kí ó gba 30, kí ó gba owó àsansílẹ̀, kí ó sì fi wọ́n jíṣẹ́ bí ó ti wí.

Ní ti gbẹ́nàgbẹ́nà, igi tí kò gbẹ dáadáa a máa là nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ. Ọpọ́n tí ó là lọ́wọ́ olùrà ní oṣù kejì ti ba ọjà ọdún tí ń bọ̀ jẹ́.

Òfin náà wà, ó sì yẹ kí oníṣẹ́ Ifá mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Nínú ohun tí ó kà sí ohun àtijọ́ ni iṣẹ́ ọnà tí a ṣe ṣáájú ọdún 1918. Ó sì tún ka ohun tí ó ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà tí a ti lò rí nínú ìsìn ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Ọpọ́n tuntun tí kò tíì rí ìyẹ̀rosùn àti ọpọ́n tí babaláwo ti tẹ̀ fún ogún ọdún kì í ṣe ohun kan náà lójú òfin, bí wọn kò ti jẹ́ ohun kan náà lójú Ifá. Orúkọ àti ọdún tí a fín sára ọpọ́n tuntun ń gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ wàhálà ní ẹnubodè, nítorí ó fi hàn pé òun ni ó ṣe é àti ìgbà tí ó ṣe é.

Ìróké tí a fi eyín erin ṣe kò ṣe é gbé lọ tà ní òkè òkun mọ́. Láti ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò eyín erin láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2016 wọ́n fi ààbò kan náà bo odídẹrẹ́, nítorí náà ìkóóde tí ó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ lè mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ èyí yóò gbé ìróké onígi lọ, yóò sì fi èyí tí ó jẹ́ ti ìsìn sílẹ̀ nílé.

Oríkì Ọlọ́wẹ̀

Ọlọ́wẹ̀ kò fín orúkọ rẹ̀ sára ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, síbẹ̀ ayé mọ̀ ọ́n lónìí. Àwọn olùwádìí tí ó lọ sí Èkìtì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n béèrè ìbéèrè tí wọn kò béèrè ní Wembley, àwọn ará ilé sì dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1988, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu Oluju-ifun, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá náà ka iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́. Ohun tí ìwé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní, ó wà lẹ́nu obìnrin kan.

Ní ọdún 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Afíríkà ti Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ìpàtẹ náà. Ọdún 74 ni ó wà láàrin Wembley àti ọjọ́ náà, Ọlọ́wẹ̀ kò sì sí láyé láti jẹ èrè kankan nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí ọjọ́ iwájú. Níbi ọdún Ifá gbogbo, àwọn tí ó ń ta ọ̀pẹ̀lẹ̀, ìdè, ìrùkẹ̀rẹ̀, ọpọ́n àti aṣọ a máa tẹ́ ọjà wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìpàtẹ ọjà ni ìyẹn pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ ní odi tàbí ẹnu ọ̀nà tí a ti ń gba owó. Lára àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, àwọn kan ni ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń tà, àwọn mìíràn rà á wá láti tà. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó ní iyì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí ó sì ra ọjà lọ́wọ́ ẹni kejì ṣì lè béèrè ibi tí ó ti wá.

Kí àlejò tí ó bá ra ọpọ́n béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò nídìí àtẹ. Kí babaláwo tí ó bá gba ìróké tuntun sọ orúkọ oníṣẹ́ fún àwọn ọmọ awo rẹ̀. Kí olùwádìí tí ó bá ya àwòrán aṣọ kan má ṣe gbàgbé aláró tí ó rẹ ẹ́. Kí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ má sì tijú láti fi orúkọ rẹ̀ sára ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, nítorí yóò rìn jìnnà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti lè rìn lọ.